Ọmọ Yámnà Tó Fọwọ́ Kan Ìbọn

Èmi ni mo fi mọ́tò mi gbé àwọn méjèèjì. Ẹni tó lọ ṣe oògùn, èmi ni mo gbé e lọ. Ẹni tí wọ́n ṣe oògùn sí, èmi náà ni mo gbé e gun òkè lọ wádìí ohun tó ń pa á. Àwọn ará ìlú wa, Tẹtuánì, máa ń rò pé ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ kò ní etí, wọn á sì máa da àṣírí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni ń da omi ìfọṣọ nù. Etí wà lórí mi dáadáa. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, mi ò fẹ́ràn kí wọ́n gbé wàrà wọ mọ́tò mi mọ́, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Haddú. Àmmì Haddú ni gbogbo wa ń pè é ládùúgbò, bí a ṣe ń pe ẹni tó bá ti dàgbà tó bàbá ẹni. Awọ ló ń tà, ṣùgbọ́n ìbọn ló gbé sọ́kàn: ìbọn ìléwọ́ àtijọ́, irú èyí táwọn ọ̀gá ológun Sípéènì gbé wá bá wa jà lórí òkè Rífì nígbà tí wọn ò tíì bí mi. Ìjọba ti ní kí wọ́n dí ẹnu gbogbo wọn pa, kò sí èyí tó ṣeé yìn mọ́ nínú wọn. Ó tẹ́ wọn sórí aṣọ aláwọ̀ ewé ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń fi òróró nù wọ́n bí ẹni ń tọ́jú ọmọ jòjòló. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Ráhmà, tí a ń pè ní Lálà láti fi bọ̀wọ̀ fún un, kò bímọ.

Kì í ṣe dídán ìbọn ló ń wá. Ó fẹ́ mọ ọwọ́ tó ti dì í mú, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹni, àti ibi tí ẹni náà kú sí. Bó bá ti rí ìkan gbà, ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni pé kó tú igi ìdìmú rẹ̀, torí abẹ́ ibẹ̀ làwọn ológun máa ń fi ìṣó ha àmì wọn sí. Lẹ́yìn náà, á gbé e gun òkè lọ, á gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ rí ogun, á wá jókòó láìsọ nǹkan kan. Ó ní ọwọ́ àgbàlagbà máa ń rántí kí ẹnu ẹ̀ tó rántí.

Allál ni orogún rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Abúlé kan náà ni wọ́n ti wá, ọdún ebi kan náà ni wọ́n bí wọn, nígbà tí bàálù ń da èéfín olóró sórí oko àti ilé. Rédíò ni Allál ń tà. Ó ní ìbọn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìkan péré ló fi ń yangàn: ìbọn ọ̀gá Sípéènì kan tó kú lọ́jọ́ tí ogun wọn fọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́ nílé kọfí pé bàbá òun, Sállàm, ló já a gbà lọ́wọ́ ọ̀gá náà.

Ọ̀rọ̀ bàjẹ́ lọ́jọ́ tí Haddú rí àwọn bàbá arúgbó kan ní abúlé mìíràn lórí òkè tí wọ́n mọ ìbọn náà. Wọ́n ní ojú iná kan wà lára igi ìdìmú rẹ̀, tó tó kóró dàbínù, torí ó já sínú iná lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á. Wọ́n sì ní Mhánd, bàbá Haddú tó kú sínú ogun yẹn, ló gbà á. Haddú ti rí ojú iná ọ̀hún lára ìbọn Allál. Ó lọ sílé kọfí, ó bi Allál lójú gbogbo ayé pé báwo ni ìbọn bàbá òun ṣe dé ọwọ́ bàbá rẹ̀.

"Bóyá ara òkú ló ti bọ́ ọ," ni Haddú wí. "Àwọn kan wà, òkú nìkan ni wọ́n ń bá jà."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Allál gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ láìmu ún tán, ó bọ́ síta. Mo wà níbẹ̀, mo rí ojú rẹ̀.

*

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun àláásárì, Allál dá mi dúró. Ó ní kí n gbé òun kọjá itẹ́ òkú lọ sọ́dọ̀ àfáà kan tó wá láti Súsì. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń wá lọ sọ́dọ̀ àwọn àfáà Súsì, mi ò bi í léèrè. Mo gbé mọ́tò sábẹ́ fèrèsé ilé náà, torí ibẹ̀ nìkan ni oòrùn ò dé. Fèrèsé ṣí sílẹ̀.

Mo gbọ́ tí àfáà ń bèèrè orúkọ. Allál ní Haddú ọmọ Mhánd. Àfáà rẹ́rìn-ín.

"Ta ló bi ọ́ léèrè bàbá? Bàbá ò dájú, ohun tí wọ́n bá sọ fúnni là ń gbà. Ìyá tó bí i ni kí o dárúkọ fún mi."

"Mámàt," ni Allál dáhùn. "Kò sẹ́ni tí ò mọ Mámàt lábúlé wa."

Mo gbọ́ tí gègé ń ha bébà. Àfáà ń pe orúkọ náà bó ṣe ń kọ ọ́, Haddú ọmọ Mámàt, Haddú ọmọ Mámàt, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ sí i bí ẹni ń pe ẹni tó sùn síbi jíjìn. Ajá tó nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà mi dìde, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Àfáà bi Allál pé kí ló ń fẹ́. Allál ní kí ọwọ́ tí Haddú fi ń nàka sí òkú bàbá òun rọ, kó máa rọ lọ títí dé ọkàn rẹ̀. Àfáà ní ìyẹn ò le, ṣùgbọ́n Haddú fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣí tírà tí òun ń kọ yìí.

Nígbà tó padà wọ mọ́tò, òórùn tùràrí gba gbogbo inú rẹ̀. Nígbà tí a sún mọ́ ẹnubodè ìlú, ó bi mí.

"Búzyán, ṣé òótọ́ ni pé ó máa ń tú igi ìdìmú gbogbo ìbọn tó bá dé ọwọ́ ẹ̀?"

Mo ní kó tó jókòó pàápàá ló ti máa ń tú u. Allál mi orí, ó ń wo ọ̀nà.

*

Ìbọn ọ̀gá Sípéènì dé ilé Haddú nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú ṣúgà àti ewé míńtì, bí a ṣe ń ṣe tí a bá fẹ́ parí ìjà. Allál ránṣẹ́ pé bí Haddú bá ní ti bàbá òun ni, kó máa gbà á. Omijé bọ́ lójú Haddú. Ó sọ fún Ráhmà pé òun ti ṣi ọkùnrin yẹn mọ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ló ti ń tú igi ìdìmú.

Abẹ́ igi náà ló ti bá tírà kan, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ká, tí wọ́n fi òwú dúdú dè. Ráhmà ní kó má fọwọ́ kàn án, kó jẹ́ kí òun da omi iyọ̀ lé e lórí ná. Haddú rẹ́rìn-ín. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń di ìbọn àwọn òkú mú, kí ni awọ kékeré kan fẹ́ fi ṣe é? Ó tú u, ó wò ó, ó sọ ọ́ sínú ẹ̀yinná tí wọ́n fi ń se tíì. Ráhmà sọ fún mi pé kò rùn bí awọ tó ń jó. Ó rùn bí wàrà tó hó dà sínú iná.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wàrà ti ń dín nínú ìkòkò wọn. Wọ́n á bò ó, wọ́n á gbé nǹkan lé e, bí ilẹ̀ bá mọ́, á ti lọ sílẹ̀. Ẹyẹ tí Haddú ń sìn kọjú sí ògiri, kò kọrin mọ́, ó sì kú bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ìka. Haddú jí, ó rí i pé ìka tó kéré jù lọ́wọ́ ọ̀tún òun tutù, ó funfun, ó sì hunjọ bí ìka ẹni tó ti ń fọṣọ láti àárọ̀. Ó fi aṣọ dì í. Nígbà tó tún jí, ó tún hunjọ. Ó fi hàn mí níwájú ilé rẹ̀, ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ó dà bíi pé ẹnì kan ń mu ún bí ọmú. Nígbà tó sọ ọ́ tán, kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ṣe, ìka náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú láti eékánná. Ọwọ́ rẹ̀ ò lè gbé ife mọ́, ó ń rù, ojú rẹ̀ ń jìn wọnú. Dókítà gún un lábẹ́rẹ́, ó ní kó máa jẹ ẹran dáadáa. Ráhmà ní òun ń gbọ́ ẹkún nínú yàrá ìbọn lọ́sàn-án gangan, ẹkún ọmọ tí ebi ń pa. Àwọn obìnrin àdúgbò ní àìrọ́mọbí ló ń dà á láàmú.

*

Ẹ̀bá ibi tí wọ́n ti ń ṣe awọ ni Múnàt, obìnrin oníṣègùn tí Ráhmà ní ká gbé Haddú lọ bá, ń gbé, níbi tí òórùn kì í ti í jẹ́ kí àlejò pẹ́. Òjé ló fi ń ṣiṣẹ́. Á fi aṣọ bo aláìsàn, á yọ́ òjé lórí iná, á dà á sínú omi tútù lókè orí rẹ̀, á sì wo ohun tó bá yọrí níbẹ̀. Ó ní kí Haddú mú òjé wá láti ara ọta tó ti wọ ara èèyàn rí. Ìyẹn ò ṣòro fún Haddú, irú rẹ̀ wà nínú àpótí rẹ̀.

Omi náà han, èéfín gba yàrá. Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí, mo rí ohun tí Múnàt fi ṣíbí gbé jáde. Ó kéré. Ó ká orúnkún mọ́ àyà. Múnàt fa ìborí rẹ̀ bọ́, ó fi bò ó kíákíá, bí wọ́n ṣe ń bo ohun tí kò yẹ kí ojú ọkùnrin rí.

"Kì í ṣe àgbà ló wà lára rẹ̀," ló sọ fún Ráhmà. "Wọ́n jí i dìde ni. Ebi ló ń pa á."

Ráhmà bi í pé ta ni. Múnàt ní ohun tí òun lè ṣe ni kí òun rán an padà sí ẹni tó rán an wá, bí wọ́n bá lè fún òun ní orúkọ ìyá ẹni náà. Orúkọ ẹni náà fúnra rẹ̀ ò wúlò fún òun, torí èèyàn lè yí orúkọ padà bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n inú obìnrin kan ṣoṣo ló ti jáde. Ó kìlọ̀ fún wọn pé ẹni tó bá padà bá ò ní pẹ́ láyé, àti pé bí òjé bá ti lè wọ omi lórí orúkọ, òun pàápàá ò lè pè é padà mọ́.

Ráhmà ti ń la ẹnu láti dárúkọ ìyá Allál. Haddú gbá a lọ́wọ́ mú. Ó ní kí wọ́n ní sùúrù ná, kí òun gbé ìbọn náà lọ sórí òkè, kí òun mọ bó ṣe kúrò lọ́wọ́ bàbá òun. Bó bá jẹ́ pé òun parọ́ mọ́ Sállàm, òun á fa àgbò lọ sẹ́nu ọ̀nà Allál, òun á pa á síbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí wọ́n bá pa àgbò sí lẹ́nu ọ̀nà kò lè kọ ẹ̀bẹ̀, Allál á tú ohun tó dì, kò sì sẹ́ni tó máa kú.

"Bí o bá wá kú kí o tó dé ńkọ́?" ni Ráhmà bi í.

"Ìwọ ṣáà dúró dè mí."

*

Allál gan-an ò gbádùn. Mo rí i níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti pa gbogbo rédíò, ó ń fi ọwọ́ òsì ra ọwọ́ ọ̀tún. Ó bi mí pé báwo ni Haddú ṣe ń ṣe sí. Mo ní ó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn sí i, kí n lè ráyè kórìíra rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó kàn ń ra ọwọ́.

"Ìka yìí ń tutù," ló wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti fi ìbọn yẹn ránṣẹ́ ni. Àfáà ní kò lè kàn mí."

Ó ní kí n wò ó. Ó funfun díẹ̀, mi ò rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Mo wọ mọ́tò mi, mo bá tèmi lọ.

*

Ọ̀nà òkè burú. Haddú ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú jàlàbíà onírun rẹ̀, ó gbé ìbọn náà lé itan. Abúlé wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú tán. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù tó ti gbọ́njú lọ́dún èéfín ni Tamimúnt, ìyá arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ agbẹ̀bí abúlé. Abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ la ti bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò àpáta táwọn èèyàn sá sí nígbà yẹn. Haddú kí i, kò dárúkọ ara rẹ̀. Ó gbé ìbọn náà sí i ní àtẹ́lẹwọ́, ó jókòó, ó dákẹ́.

Ìka ìyá náà rìn lórí irin, ó dé orí igi, àtàǹpàkò rẹ̀ wọ ojú iná yẹn. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́.

"Ohun tí wọ́n fi gba ọmọ nìyí," ló wí.

Ìyá náà ń sọ ọ́ lọ bí ẹni tó ti ń retí kí wọ́n wá bi òun. Ó ní Yámnà ìyàwó Sállàm bí ìbejì sínú ihò yẹn, ọkùnrin méjì. Mámàt ìyàwó Mhánd ti bí tirẹ̀ ṣáájú, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, èéfín sì pa á. Orí Mámàt fẹ́ dàrú. Ọmú rẹ̀ kún, kò sí ẹni tó máa mu ún, ebi ò sì jẹ́ kí wàrà Yámnà tó fún ọmọ méjì. Ni Mhánd bá gbé ìbọn rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó ní láyé, ó fi lé Sállàm lọ́wọ́, wọ́n sì gbé ọmọ kan fún Mámàt. Wọ́n jọ búra pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́, torí ẹ̀ṣẹ̀ ni nínú ẹ̀sìn wa pé kí wọ́n fi orúkọ bàbá ẹlòmíì pe ọmọ. Kí ará abúlé má bàa fura, orúkọ èyí tó kú ni wọ́n fún èyí tó wà láàyè.

"Èwo ni wọ́n gbé fún un?" Mi ò mọ ohùn Haddú mọ́.

"Allál ló kọ́kọ́ jáde, òun ni ẹ̀gbọ́n, òun ni Yámnà mú dání. Èkejì ni wọ́n gbé fún Mámàt, òun ni wọ́n ń pè ní Haddú. Ìwọ ni, àbí? Ohùn Sállàm lo ní."

"Haddú tí Mámàt bí gan-an ńkọ́, ìyá?" ni Haddú tún bi í.

Ìyá náà fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀ abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń lu ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn. "Ibí ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ilẹ̀ rẹ̀ jìn wọnú láìpẹ́ yìí. Mo fi ọwọ́ wá a, ó ṣófo."

Ohùn àfáà padà sí mi létí, Haddú ọmọ Mámàt, Haddú ọmọ Mámàt. Wọ́n pe òkú ọmọ yẹn, ó sì dáhùn. Mo wo Haddú, ó ń wo ìka rẹ̀, ojú rẹ̀ ò ní ìbẹ̀rù nínú mọ́, àánú ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ba èmi dípò rẹ̀, mo kàn fẹ́ ká kúrò lábẹ́ igi yẹn.

Nínú mọ́tò ló ti bá mi sọ ọ́.

"Allál, ẹ̀gbọ́n mi, ló ń pa mí, kò sì mọ̀." Lẹ́yìn náà ló di apá mi mú. "Múnàt. Orúkọ ìyá nìkan ló ń lò. Búzyán, sáré."

*

Ráhmà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wẹ̀, ó ti fi lààlì sọ́wọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ohun tí mi ò rí látìgbà tí wàrà ti ń dín. Kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí ọkọ òun ń wọ mọ́tò, òun rí i pé ìka yẹn ti dúdú dé oríkèé, òun ò sì lè jókòó máa wò ó. Òun ti lọ bá Múnàt. Òjé ti wọ omi.

"Kí lo sọ fún un?" ni Haddú bi í.

"Orúkọ ìyá tó ní kí n mú wá. Mo gbọ́ bó ṣe pè é sórí òjé: ọmọ Yámnà tó fọwọ́ kan ìbọn ọ̀gá Sípéènì, òun ni kí ebi yìí lọ bá. Ó ní ọmọ Yámnà ò ní rí ọjọ́ Jímọ̀."

Haddú gbé ìbọn náà há abíyá. Mo ń retí kó pariwo, mo ń retí kó sọ fún un. Ó fi ọwọ́ tó dáa kàn án léréèké.

"O ṣeun, Ráhmà. Se ọbẹ̀ ẹ̀wà fún wa, kí o fi òróró sí i dáadáa. Mo fẹ́ lọ pe Allál wá jẹun."

Ráhmà rò pé ó fẹ́ lọ fi ọkùnrin náà ṣẹ̀sín ni, inú rẹ̀ dùn, ó wọlé lọ dáná.

Mo gbé Haddú lọ. Ilẹ̀kùn Allál ṣí, inú mọ́tò ni mo ti ń wò wọ́n. Allál dìde bí ẹni tó fẹ́ sá. Haddú gbé ìbọn sí i ní àtẹ́lẹwọ́, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó dákẹ́, bó ṣe máa ń ṣe fáwọn àgbàlagbà orí òkè. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí Tamimúnt wí fún un. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ìbọn bọ́ lọ́wọ́ Allál, ó sì di ọwọ́ ọ̀tún àbúrò rẹ̀ mú nínú ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀. Mo gbọ́ tí Allál ń sunkún bí ọmọdé. Mo yí ojú mi sójú ọ̀nà.

Wọ́n jẹun nínú àwo kan náà lọ́jọ́ yẹn, Ráhmà sì ń wo Allál bí ẹni ń wo àgbò ọdún. Kí Haddú tó sùn, ó mú mi búra pé ìyàwó òun ò gbọ́dọ̀ mọ̀, torí obìnrin tó bá mọ̀ pé òun lòun fọwọ́ ara òun pa ọkọ òun ò ní gbádùn ayé mọ́. Ọjọ́bọ̀ làwọn méjèèjì kú, kálukú nínú ilé rẹ̀, kí wọ́n tó pe ìrun àláásárì.

Èmi ni mo ń gbé Ráhmà lọ sí itẹ́ òkú lọ́jọ́ Jímọ̀. Bó bá dé ibi sàréè Allál, á tutọ́ sílẹ̀, á kọjá. Bí a bá ń bọ̀, á ní kí n dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta wàrà. Òun nìkan ló wà nínú ilé, kò ní ọmọ, kò ní àlejò, wàrà tó sì ń rà tó bọ́ odindi ilé. Ó ní òun kì í bo ìkòkò mọ́. Ó ní ilé ò fi bẹ́ẹ̀ dákẹ́ bí àwọn èèyàn ṣe rò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́tò, mo rí ìka tó kéré jù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó hunjọ, lààlì sì ti fọ̀ kúrò lára ìka yẹn nìkan.

Ó rí i pé mo ń wò ó, ó fi ọwọ́ náà sábẹ́ aṣọ.

"Ká ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti fún Múnàt ní orúkọ Yámnà," ló wí, "ọkọ mi ì bá ṣì wà láyé."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Lálà, kí wàrà yín má bàa bàjẹ́."